Àṣẹ Tí Mo Kọ Nígbà Tí Ọ̀gá Ń Gbàdúrà

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo fi ìyá mi búra. Ó dáa, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni òótọ́. Ẹ ṣáà gbọ́ mi, torí ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń retí èsì ìdánwò tí mo ti bà jẹ́ fún un, kò sì mọ̀.

Ìwé sú mi, mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, mo wá ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Adébáyọ̀. Ọ̀gá mi tún ní ṣọ́ọ̀bù ní Fájuyì àti Ìyìn, níbi táwọn èèyàn ti ń ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà. Kì í rìn káàkiri. Ojú dúdú kan ló máa ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí yóò kọ àṣẹ sí. Tó bá dárúkọ ẹ̀rọ kan, tó ní kí ìdánwò orí rẹ̀ dúró, yóò dúró, ìbáà wà ní Ìyìn. Tí kò bá dárúkọ kankan, gbogbo ẹ̀rọ pátá ni yóò gbọ́.

Àràárọ̀ la máa ń gbàdúrà, ti ọ̀gá kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, Dàpọ̀ tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ ṣí ìdánwò kan kalẹ̀ láti fi dánra wò. Bí wọ́n ṣe dijú, mo yọ́ lọ sídìí kọ̀ǹpútà ọ̀gá láti dá tiẹ̀ dúró, kó lajú kó bá òfo. Ìkánjú ò jẹ́ kí n dárúkọ ẹ̀rọ rẹ̀. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́, títí dé Ìyìn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, kíá ni mo kọ àṣẹ tó jí wọn padà.

Fóònù ọ̀gá ń dún, kò gbé e àfìgbà tó ṣe àmín. Ẹni tó ń bójú tó Ìyìn ni. “Ọ̀gá, ẹ̀rọ kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ti jí, àmọ́ aago ìdánwò ò dúró dè wọ́n. Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń sunkún níbí.”

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé Ìyìn ni ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì. Bàbá wa sì ti sọ pé tí kò bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ aránṣọ ni yóò kọ́.

“Ọ̀tá ni,” ọ̀gá ní. “Gbogbo wa la ó gbààwẹ̀.”

Dàpọ̀, tó ti fura sí mi, wo ẹ̀pà tí mo ń jẹ. “Ṣé ọ̀tá náà máa gbààwẹ̀?”

Tí mo bá jẹ́wọ́, ọ̀gá lè bẹ ilé ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tún ìdánwò náà ṣe. Ẹjọ́ ọ̀tá ò ṣeé rò fún wọn. Àmọ́ yóò lé mi lọ, ẹ̀gbọ́n mi yóò sì gbọ́. Kí ni kí n ṣe?

Kí ẹ tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti parọ́. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Mi ò sì jí àwọn ẹ̀rọ náà kíá, àfìgbà tí ọ̀gá fẹ́ ṣe àmín. Mo jókòó síbẹ̀, mo fọwọ́ bo ẹnu, mò ń wo fóònù tó ń dún, mò ń rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá fi ṣe àmín.