Kéèkì Ọjọ́ Ẹtì Rere

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì Rere, níbi tí a ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin méjì tó wọ sùtánà funfun. Èyí àbúrò gbé kéèkì kan dání nínú ọ̀rá.

"Ìyá Ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba kéèkì yín. Mi ò lè jẹ ẹ́."

"Háà! Kéèkì ọjọ́ ìbí Bàbá Olùdarí ìjọ wa? Ìbùkún lo fẹ́ dá padà yẹn o."

"Oṣù tó kọjá la sin ọkọ mi, mà. Mo wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí kí n lè gbọ́ bí Jésù ṣe kú, kí n lè mọ̀ pé Ó mọ ohun tójú mi ń rí. Orin ọjọ́ ìbí lẹ ní ká kọ. Fọ́tò Bàbá lẹ fi bo àgbélébùú. Ẹ ò ka ìtàn ìjìyà Rẹ̀ rárá."

"Àkókò ni ò tó jàre. A ó kà á lọ́jọ́ Àìkú. Jésù ò ní bínú ṣá, Ó mọ Bàbá."

Jésù ò ní bínú! Wọ́n ti Olúwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí a ń rántí ikú Rẹ̀, wọ́n tún gba ẹnu Rẹ̀ dárí ji ara wọn.

Opó náà rọra fi ọ̀rá kéèkì lé e lọ́wọ́.

"Bàbá ò kú rí, mà. Ẹni tó kú, tó sì jí, ni mo wá wá."