Lẹ́tà Dókítà Tó Sùn Sínú Dúrọ́ọ̀ Mi

Oṣù méje gbáko ni mo fi ń rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sunkún lé. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní akọ̀wé onínúure, ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ọwọ́ mi ṣe.

Ilé iṣẹ́ ọ̀dà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Fèrèsé mi dojú kọ yàrá tí wọ́n ti ń po ọ̀dà. Ibẹ̀ ni ẹni tí mo ń pè ní Olóhùn-iyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti ń po ọ̀dà ló ń kọrin, ohùn náà á gba ojú fèrèsé wọlé, á mú ọkàn mi lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó yọjú, ọ̀dà búlúù wà nímú rẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé orin mi ò dí ọ lọ́wọ́?" Mo ní, "Ó ń dí mi lọ́wọ́. Má dákẹ́." Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ní ara mi mọ́.

Lọ́dọọdún ni dókítà ń yẹ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń po ọ̀dà wò. Èmi ni mo ń gba èsì, tí mo ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tó wọlé, tí mo sì ń gbé e fún ọ̀gá. Lọ́dún yìí, lẹ́tà Olóhùn-iyọ̀ sọ pé òórùn ọ̀dà ti ń ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Òfin iṣẹ́ ò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nídìí ọ̀dà lójú ẹsẹ̀, ilé iṣẹ́ ni yóò sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀ka kejì nìkan ni iṣẹ́ tí kò ní ọ̀dà nínú wà, ní òdìkejì ìlú. Mo ti lu òǹtẹ̀ tán kí n tó kà á débẹ̀. Fèrèsé mi láìsí orin! Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo ti lẹ́tà náà sábẹ́ súwẹ́tà mi. Mo ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìfẹ́ ni mo pè é. Ìfẹ́ wo ló ń jí ìlera olólùfẹ́ rẹ̀ gbé?

Ẹ̀gbọ́n tá a jọ ń lo ọ́fíìsì rí mi. "Àbúrò, kí lò ń fi pamọ́ yẹn?" Mo ní kò sí nǹkan. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Lẹ́tà ìfẹ́ ni! Ó dáa, mi ò rí ọ o."

Ọ̀sẹ̀ di oṣù. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já orin rẹ̀ sí méjì. Lọ́jọ́ kan ó fọwọ́ ti fèrèsé, ó ní, "Akọ̀wé, èsì mi ńkọ́? Ṣé dókítà ò rí nǹkan kan?" Ọ̀nà àbáyọ ló là sílẹ̀ fún mi yẹn. Mo wò ó lójú kòrókòró, mo ní, "Ara rẹ le koko bí ọta." Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "O ṣeun. Ẹ̀rù ti ń bà mí." Ó sì padà sídìí ọ̀dà. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ìyẹn ló burú jù.

Nígbà tó yá, orin dákẹ́. Ó ṣubú lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Màmá rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa. Ọ̀gá ní, "Màmá, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ wa pé iṣẹ́ ló fa àìsàn yìí. Ilé ló ti gbé e wá." Màmá ò bá a jà. Èmi ni wọ́n yíjú sí: "Ọmọ mi, o ṣeun o. Ó ní ìwọ lò ń bá òun tọ́jú ìwé òun."

Mo ṣí dúrọ́ọ̀. Mo gbé lẹ́tà náà síwájú ọ̀gá. Ọ̀gá kà á tán, ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ?"

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ yín ló wà lára rẹ̀. Ẹ máa tọ́jú rẹ̀."

Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ báyìí. Lánàá mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ohùn iyọ̀ ti há bí ilẹ̀kùn tó dípẹtà. Ó ní, "Ẹ̀ka kejì yẹn, bọ́ọ̀sì kan péré ni. Ojoojúmọ́ ni ǹ bá máa wá sójú fèrèsé rẹ." Ó kọjú sí ògiri.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tèmi, ẹ má fi òótọ́ pamọ́ fún ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn, kódà bí òótọ́ náà yóò gbé e jìnnà sí yín. Mo ti tọrọ ìdáríjì. Mi ò ní kán an lójú. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni mò ń jókòó sí lójoojúmọ́, tí mò ń tẹ́tí sí bó ṣe ń mí.