Igbá Oyin Ìyá Ṣadé

Ẹ̀yin òǹkàwé, igbá kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nílé mi tí kì í ṣe tèmi. Ìyàwó mi rò pé Ọ̀yọ́ ni mo ti rà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó nù ún, ó ní igbá yìí ni a ó gbé síwájú àlejò níbi ìdána ọmọ wa. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́fun mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn bí àgbàrá, òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Ìsọlọ̀. Sítọ́ọ̀ kan ni wọ́n fi mí sí, ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀bùn táwọn ènìyàn bá fún àwọn ọ̀gá ológun sí. Èmi ni mò ń nu aago wúrà, eyín erin, àti àwòrán ọ̀gá tí kò jọ ọ̀gá rárá. Èyí tó bá dára jù, a ó gbé e sínú àpótí onígíláàsì kí àlejò lè rí i.

Ọ̀gá ológun kan wá lọ ṣí ẹ̀rọ omi ní Mafoluku. Àwọn ìyá àdúgbò fún un ní oyin, inú igbá fínfín ọ̀kan nínú wọn, Ìyá Ṣadé, ni wọ́n sì bu oyin náà sí. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n: ẹni tó fi igbá gbé nǹkan fún ọ, ohun tó wà nínú ẹ̀ ló fún ọ, igbá á padà sílé. Ṣùgbọ́n àwọn sọ́jà lá oyin tán, wọ́n fi igbá ránṣẹ́ sí wa. A gbé e sínú gíláàsì, láàárín eyín erin.

Ni Ìyá Ṣadé bá dé. Wọ́n ní igbá yẹn ni wọ́n fi ṣe ìdána ìyá àwọn, òun náà ni wọ́n fi ṣe tàwọn, ó wá kan Ṣadé ọmọ àwọn.

Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. "Ìyá, ìjọba ti jẹ igbá yín o."

"Ìjọba tó jẹ oyin, tó tún fẹ́ jẹ igbá, eyín ẹ̀ á kán. Akọ̀wé, ìwọ fúnra ẹ ńkọ́, o ti jẹun? Wo ọrùn ẹ bí okùn!"

Wọ́n tú ẹrù wọn, wọ́n fún mi ní ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Láti ìgbà tí ìyá tó bí mi ti kú, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo jẹun.

Mo sọ fún ọ̀gá mi ní sítọ́ọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Fún màmá ní igbá wọn jàre. Kí la fẹ́ fi ṣe?"

Mi ò fún wọn. Nígbà tí wọ́n padà wá, mo ní ọ̀gá ò tíì fọwọ́ sí i. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń bá mi rán bọ́tìnnì ẹ̀wù mi tó já, wọ́n ń bú ìjọba. Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n tún wá, tàwọn tọ̀lẹ̀lẹ̀ wọn. Bí mo bá gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu géètì, inú mi á dùn bíi ti ọmọ tí ìyá ẹ̀ tọjà dé. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tí igbá bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọn ò ní í wá mọ́.

Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́. Mo retí wọn títí. Mo wá yọ igbá, mo fi bébà wé e, mo gbé e lọ sí Mafoluku. Obìnrin kan tó ń fọṣọ lẹ́nu ọ̀nà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni akọ̀wé Ìyá Ṣadé? Igbá àyálò ni wọ́n fi ṣe ìdána Ṣadé o. Wọ́n sunkún lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀ wọn ò bú ẹ. Wọ́n ní ò ń gbìyànjú."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni wọ́n wà?"

"Onílé ti wó ilé wọn. A ò mọ ibi tí wọ́n kó lọ."

Wọ́n ní mò ń gbìyànjú! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Mi ò lè dá igbá náà padà sínú gíláàsì mọ́, mo gbé e lọ sílé. Títí dòní, bí mo bá rí ìyá àgbà kan láti ẹ̀yìn ní ibùdókọ̀ Bọ́ládé, mo máa ń sáré kọjá wọn, kí n lè bojú wẹ̀yìn wo ojú wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún ìyàwó mi? Ṣadé, bí o bá ń ka èyí, wá gba igbá ìyá ẹ. Bí wọ́n bá ṣì wà láyé, ẹ jọ wá. Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Mo kàn bẹ̀ yín ni, ẹ má gbà á lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ máa lọ. Ẹ jókòó díẹ̀.