Àkàsọ̀ Tí Wọ́n Gbé Wá sí Aboabo

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ní Aboabo níbí, ní ìdálẹ̀ yìí, ìkíni ló ń jí wa. Gbọ́ o, Sẹ́kínà. Nínú agboolé àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, àwa ọmọ á máa kúnlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí?" Bí àgbà kan kò bá dáhùn, a ó ti ilẹ̀kùn wọlé. Ta ló ń ṣe é mọ́?

Òyìnbó kan wá, ọ̀mọ̀wé. Ó ń wádìí bí àwùjọ ṣe ń dàgbà. Ẹ̀gbọ́n mi, Ràájí, ló ń túmọ̀ fún un. Ó ní àwùjọ ń gun àkàsọ̀ ni: agboolé bíi tiwa wà nísàlẹ̀, tọkọtaya àti ọmọ wọn, nínú ilé tiwọn, àwọn ló wà lókè.

Ìyá wa ní, "Ràájí, bi í. Àwọn ta ló wà lókè lọ́hùn-ún báyìí?"

"Àwọn òyìnbó ni, Ìyá."

"Mo mọ̀!"

Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹ má dójú tì mí. Òyìnbó ní àárọ̀ tí ẹ fi ń kí ara yín, iṣẹ́ ló yẹ kí ẹ fi ṣe."

"Bí a kò bá kí ara wa, báwo la ó ṣe mọ ẹni tó jí?"

Ràájí kò túmọ̀ ìyẹn...

Òyìnbó lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lọ. Ràájí kọ́lé sí Santasi, ní òdìkejì ìlú, ó mọ ògiri yí i ká. Ó ní dandan, Ìyá á bá òun lọ.

"Ta ni yóò máa kí mi?"

"Èmi, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé."

"Ní ìrọ̀lẹ́? Ta ló ń jí ní ìrọ̀lẹ́, Ràájí?"

Ó ṣáà lọ. Ọmọ ló ní kó wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ràájí àti ìyàwó rẹ̀ jáde lọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀kùn Ìyá wà ní títì. Wọ́n ní kó máa sùn, kó sinmi. Ìyá ti ṣubú sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti àsùbáà! Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, ó ṣì ń mí. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ.

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn," ó ní. "Wọ́n kọjá."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ láyé nìyẹn.

O ní wọ́n ṣì ń kọ́ yín ní àkàsọ̀ yẹn ní yunifásítì? Ó dáa. Máa gùn ún, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n máa kan ilẹ̀kùn bí o ṣe ń kọjá.

Wo ìta yẹn. Ọ̀sán ti pọ́n, àbí? Láti àsùbáà ni mo ti jókòó síbí... Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó kí mi.