Wágọ́nù Kan fún Oníbúrẹ́dì

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo wà lórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Yorùbá kan ní Weston lókè òkun, lẹ́yìn obìnrin kan tó ní ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá ilé-iṣẹ́ rélùwéè kékeré ṣiṣẹ́.

"Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ wa. Bí ẹ ò bá fi rélùwéè gba ẹrù mọ́, wọ́n á hú ojú irin tó wọ ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ yín."

"Kí wọ́n hú u. Tírélà ń gbé ìyẹ̀fun mi wá. Nígbà tí wágọ́nù tó kó ìyẹ̀fun mi sọnù lójú irin yín, mo pè yín títí, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Ẹ̀rọ!"

"Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló ni ojú irin náà nígbà yẹn, mà. Àwa kékeré la gbà á lọ́wọ́ wọn báyìí."

"Ta ni màá wá pè?"

"Èmi ni, mà."

Obìnrin náà ní kó ka nọ́ńbà rẹ̀, ó sì pè é lójú ẹsẹ̀. Fóònù dún lápò ọmọkùnrin náà. Bí wọ́n ṣe dojú kọra wọn yẹn, ó gbé e, ó sì tẹríba: "Ẹ káàsán, mà. Kí la lè bá yín ṣe?"

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Inú fóònù ló ti dá a lóhùn: "Ẹ bá mi fi wágọ́nù ìyẹ̀fun kan péré wá. Bó bá sọnù, ìwọ ni màá pè, bó o tiẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì."