Bádírù àti Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Àṣírí

Ẹ̀yin jámáà, ọ̀rọ̀ amánà, ohun tí a fi síkàáwọ́ ẹni, la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀yin ìyá tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ẹ dákun, ẹ dá ọ̀rọ̀ sísọ dúró díẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́ sí lọ́wọ́, ṣé kò yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣe sí ọmọnìkejì rẹ̀? Ó yẹ àbí kò yẹ?

Akọ̀wé ìjọba ni Bádírù. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń to fáìlì. Ọ̀gá wá fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ yàrá àṣírí lé e lọ́wọ́, níbi tí wọ́n ń kó ìwé ààbò ìlú sí. Owó oṣù á di ìlọ́po méjì, ọmọ rẹ̀ á sì rówó wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣàdédé gbé irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù. Ó ń kọ ọ́ lọ, ó dé ibi kan: “Ǹjẹ́ o jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè?”

Bíró rẹ̀ dúró.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kírun sí òkú bàbá rẹ̀ lára, Bádírù ló dìde níwájú jámáà, ó ní, “Ẹni tí bàbá mi bá jẹ ní gbèsè, ọrùn mi ló wà.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Àlàájà Sùwébátù, oníṣímẹ́ńtì, ní, “Ogún àpò ṣímẹ́ńtì ló gbà láwìn, ọmọ mi. Kò sí ìkánjú.”

Kò sí ìkánjú! Odindi ọdún mẹ́jọ ni Bádírù kò fi kánjú. Tó bá rí Àlàájà lókèèrè, á yà sí kọ̀rọ̀.

Ó wo fọ́ọ̀mù náà, ó ní, “Bàbá ló jẹ ẹ́, èmi kọ́.” Ó kọ “Rárá.”

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Ọkùnrin àjèjì kan ń rìn kiri àdúgbò, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ nípa Bádírù. Bádírù bá jókòó sórí àga onígbàjámọ̀.

“Kí ni ọkùnrin yẹn bi ọ́?”

“Ó ní irú èèyàn wo lẹ jẹ́.”

“O wá ní kí ni?”

“Mo ní ẹ máa ń sanwó irun.”

“Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín nígbà náà?” Bádírù fò dìde.

“Ẹ̀gbọ́n, apá kan orí yín ló kù. Ẹ jẹ́ n fá a tán!”

Ó fura sí onígbàjámọ̀. Ó fura sí ará ilé. Ìyàwó rẹ̀ pẹ́ lọ́jà, ó fura sí i. Ta ni kò fura sí? Ara rẹ̀ nìkan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Àlàájà wẹ́rẹ́ bí ológbò.

“Bádírù! Ṣé ojú rẹ rèé?”

“Ẹ gba èyí, Mà, ẹ fi ra obì. Bí ọkùnrin kan bá wá béèrè, ẹ ní a ò jẹ yín ní nǹkan kan rí. Ẹ fi Ọlọ́run búra fún un.”

“Kí n fi Ọlọ́run búra?” Arúgbó náà kò fọwọ́ kan owó. “Bádírù, ọdún kejì rèé tí mo ti yọ̀ǹda gbèsè yẹn nítorí Ọlọ́run. Mo fẹ́ sọ fún ọ, ò ń sá fún mi. Ọkùnrin náà ti béèrè. Mo ní o ò jẹ mí ní kọ́bọ̀.”

“Alihamudulilai! Nígbà wo ló wá?”

“Ní báyìí báyìí. Àkókò ìrun Alásárì tó, ó ní kí n yá òun ní ẹní.”

Ohùn kan bá jáde lẹ́yìn àpò ṣímẹ́ńtì: “Asalamu alaikun wa ramotulai.” Ó ń parí ìrun rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan sí ọ̀tún. Lẹ́ẹ̀kan sí òsì.

Ọkùnrin náà ká ẹní, ó bọ́ síta. “Alàgbà Bádírù, ẹni tó bá jẹ gbèsè, tó sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, a máa ń bá a wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sanwó fún arúgbó kó búra èké nítorí ṣímẹ́ńtì, tí ọ̀tá bá gbé owó ńlá dé, kí ni yóò pa mọ́ fún wa?”

Ẹlòmíì ló gba kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí Bádírù jẹ ti dárí gbèsè jì í. Irọ́ ló kù lọ́rùn rẹ̀. Aṣèwádìí ìjọba ṣì ń rìn láti ojúlé dé ojúlé. Mọ́láíkà tó ń kọ ìwé tiwa ńkọ́? Èjìká ló jókòó sí!

Ọlọ́run Ọba, bá wa san èyí tí agbára wa kò ká, fún wa nígboyà láti jẹ́wọ́ èyí tó kù, má sì jẹ́ kí ahọ́n wa ta wá. Àmín.