Lẹ́tà Mọ́kànlá tí Mo Da Òróró Lé Lórí

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ná. Mo mọ ara mi. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láìtíì dúpẹ́, ẹ̀rín á pa yín débi pé a ò ní rántí ọpẹ́ mọ́. Nítorí náà, Bàbá, ẹ ṣé o. Ẹ ṣé fún òrùlé tó ṣì wà lórí wa. Ẹ ṣé fún ọkọ mi tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn tó ń wolẹ̀. Ẹ ṣé tí ẹ kò fi ìwà mi san án fún mi. Ẹ yin Olúwa!

Sista Bùkọ́lá ni mí, ìyá Tómi. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé akáńtàǹtì ni mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Sandton, ní Johannesburg wa níbí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé àwọn ẹlòmíràn, kí n máa sọ fún wọn ibi tí owó wọn ti ń jò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, ẹ máa nílò rẹ̀ láìpẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè wá sí ìpàdé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n fún wa ní kọfí àti bísíkíìtì. Bísíkíìtì yẹn ló já mi láyà, nítorí ilé-iṣẹ́ yẹn kì í fún èèyàn ní nǹkan lásán. A ò tíì jẹ ẹ́ tán tí wọ́n fi sọ fún àwa méjìlá pé iṣẹ́ wa parí ní òpin oṣù.

Mo délé, mo sọ fún Daddy Tómi. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn ló ń ta páàtì ẹ̀rọ ìránṣọ ní Doornfontein níbí, títì méjì sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé owó tí ilé-iṣẹ́ fi sin mí máa gbé wa fún ìgbà díẹ̀, Ọlọ́run á sì ṣe ìyókù. Mo ní àmín. Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé owó ọ̀hún kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Mo san owó ilé-ìwé Tómi, mo san gbèsè tó wà lórí káàdì mi, ó kù díẹ̀ báyìí. Bọ́ǹdì, ìyẹn owó tí báńkì yá wa fi ra ilé tí à ń gbé, sì rèé, orúkọ èmi nìkan ló wà lórí rẹ̀, nítorí pé nígbà tí a rà á, ìwé owó oṣù tèmi ni báńkì fẹ́ rí. Èmi ni mò ń san án. Nígbà tí n kò rí i san mọ́, èmi nìkan ni mo mọ̀.

Ọmọbìnrin kan pè mí láti báńkì lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, “Sista, wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́,” mo sì pa fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Mo ṣí èyí àkọ́kọ́ lẹ́nu géètì. Mo rí orúkọ lọ́yà nísàlẹ̀ rẹ̀, n kò ka ìyókù. Mo ká a padà sínú àpò rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, n kò ṣí òmíràn. Ẹ má sì rò pé mo pè é ní ìbẹ̀rù o. Ìgbàgbọ́ ni mo pè é! Mo sọ fún ara mi pé ìròyìn burúkú ni, ẹni tó bá ti ṣí i ti gbà á nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ géètì wa na àpò lẹ́tà sí mi, mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní, “N kò gbà á, lórúkọ Jésù!” Ó wo orúkọ tó wà lára rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, “Sister, it's not yours?” Mo ní, “It is mine. I don't receive it.” Ó kàn ní, “Eish,” ó sì rọra tì í bọ inú báàgì mi.

Lásìkò yẹn gan-an ni Pásítọ̀ kéde pé kí ẹni tó bá wà nínú gbèsè mú ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé àdúrà ọjọ́ Ẹtì. Ẹ rántí. Mo kó tèmi sínú báàgì ọ̀rá, mo gbé e wá sórí pẹpẹ, wọ́n da òróró sí i, a pariwo, a làágùn. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, mo tún gbé e dé, lẹ́tà ti lé sí i. Báyìí ni a ṣe é fún oṣù mẹ́ta. Pásítọ̀, ẹ má bínú sà, ẹ ò lè mọ̀ pé n kò tíì ṣí wọn. Ta ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa wá sí lọ́kàn? Wọ́n mu òróró débi pé búùtù mọ́tò mi ń rùn bí ilé ìdáná.

Ẹni tí Ọlọ́run wá lò ni Mama Iléṣà. Mama wá láti ilé láti tọ́jú ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Joubert Park, àwọn sì ni wọ́n yàn láti máa bá mi gbàdúrà nínú ẹgbẹ́ àdúrà. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Mama gbé ọwọ́ lé báàgì ọ̀rá yẹn, wọ́n bi mí pé, “Bùkọ́lá, kí ni wọ́n kọ síbí?”

Mo ní, “Lẹ́tà báńkì ni, mà.”

“Mo mọ̀ pé ti báńkì ni. Kí ni báńkì wí?”

N kò lè purọ́ lórí pẹpẹ. Mo ní, “Mama, n kò tíì kà á.”

Mama ò pariwo. Wọ́n yọ ọwọ́ wọn kúrò lórí báàgì náà, wọ́n nù ún lára ìró. Wọ́n ní, “Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń gbààwẹ̀ lórí ohun tí èmi ò mọ̀, tí ìwọ náà ò mọ̀. Wá sílé lọ́la. Mi ò gbọ́ òyìnbó. O máa kà á, o máa sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, èmi á wá mọ ohun tí mo fẹ́ bá Ọlọ́run sọ.”

Ọ̀sán Sátidé ni mo lọ. Mama ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ ní kíṣìnì. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n máa kà á lọ. Mo yọ ti àkọ́kọ́ jáde. Òyìnbó inú rẹ̀ gùn, ó le, ó kún fún ọ̀rọ̀ òfin. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ẹ gbìyànjú kí ẹ túmọ̀ irú òyìnbó bẹ́ẹ̀ fún ìyá àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà! Gbogbo ariwo rẹ̀ á dákẹ́. Mo wò ó sókè, mo wò ó sísàlẹ̀, mo ní, “Mama, wọ́n ní tí n kò bá wá bá àwọn sọ̀rọ̀, àwọn máa lọ sí kóòtù.”

“O ti lọ bá wọn sọ̀rọ̀?”

“Rárá, mà.”

“Mo gbọ́. Ka èyí tó kàn.”

Èyí tó kàn sọ nǹkan kan náà. Ẹ̀kẹta náà. Ìgbà tí mo fi ka ẹ̀kẹrin, ó ti yé mi. Àwọn èèyàn yìí ń bẹ̀ mí pé kí n wá sọ̀rọ̀, èmi ń dè wọ́n mọ́lẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ̀karùn-ún ni mo ṣí tí n kò lè túmọ̀ kíákíá. Mo kà á tán. Mama gbójú sókè. “Kí ló sọ?”

Mo ní, “Mama, wọ́n ní... wọ́n ní nítorí pé mo sọ lórí fóònù pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, inṣọ́ráǹsì kan wà tí mo gbà mọ́ bọ́ǹdì. Wọ́n ní kí n mú ìwé tó fi hàn pé wọ́n dá mi dúró wá. Wọ́n ní inṣọ́ráǹsì yẹn lè bá mi san owó ilé fún oṣù mẹ́fà.”

“Ta ni yóò san án?”

“Àwọn.”

“Kí ló dé tí wọ́n á fi san án?”

“Mo ti ń san owó díẹ̀ fún un lóṣooṣù, láti ìgbà tí a ti ra ilé. N kò mọ̀. Mo fọwọ́ sí ìwé náà, n kò kà á.”

Èmi, akáńtàǹtì! Mama gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Wọ́n ní kí n tún un kà. Ìgbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì ni mo rí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ó ti lé ní oṣù méjì. Mo bú sẹ́kún. Ọlọ́run ti dá mi lóhùn láti oṣù méjì sẹ́yìn, inú àpò lẹ́tà ni ìdáhùn wà, èmi sì ń da òróró lé e lórí, mò ń sọ pé n kò gbà á.

Mama jẹ́ kí n sunkún tó. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni ìwé yẹn gbọ́dọ̀ débẹ̀. Mo wò ó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù. Mo ka àwọn tó kù. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, lẹ́tà kọkànlá, sọ pé tí n kò bá dáhùn, àwọn máa ní kí kóòtù gbà kí wọ́n lu ilé náà ní gbàǹjo. Ilé tí a bí Tómi sí! Mama ní, “Ó dáa. Ní báyìí a ti mọ ohun tí a fẹ́ gbàdúrà lé lórí.” A kúnlẹ̀ ní kíṣìnì yẹn. Mama fi Ìjẹ̀ṣà gbàdúrà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́. Kò pẹ́, kò sí ariwo. Nígbà tí a dìde, wọ́n ní, “Ọkọ rẹ ńkọ́?”

Èyí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Láti Joubert Park, mo lọ bá Daddy Tómi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo to gbogbo lẹ́tà náà sórí káńtà, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n jókòó lórí páálí. Mo ní kí wọ́n bínú sí mi, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ. Wọ́n ní, “Bùkọ́lá, mi ò bá ẹ jà nítorí owó. Ẹ̀gbẹ́ mi lo sùn sí fún oṣù mẹ́ta tí o dá ru ẹrù yìí. Ìyẹn ló dùn mí.” Ó dun èmi náà, ó ṣì ń dùn mí di òní. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, a jọ jáde.

Ilé-iṣẹ́ mi àtijọ́ fún mi ní ìwé lọ́jọ́ kẹta. A lọ tò sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sára àwọn kọ́pì, pé wọn kì í ṣe ayédèrú. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì inṣọ́ráǹsì, ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Ọmọbìnrin tó gba ìwé wa gbé lẹ́tà yẹn sókè sí iná, ó rí ìmọ́lẹ̀ láti òdìkejì. Ó ní, “Eish, Mama, is this from chips?” Mo ní, “It's anointing oil.” Ó gbé e sí imú. Ó ní, “Shap,” ìyẹn ‘ó dáa’ lẹ́nu wọn, “then I must not lose this one.” Ó lu òǹtẹ̀ sí i!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Ọ̀gbẹ́ni géètì ò tiẹ̀ nà án sí mi, ó kọ́kọ́ bi mí bóyá mò ń gba lẹ́tà báyìí. Mo gbà á. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Mo ṣí i níbẹ̀, lójú rẹ̀. Wọ́n gbà láti san án, oṣù mẹ́fà gbáko! Mo jó lẹ́nu géètì, mọ́tò mẹ́ta dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń fun fèrè. Báńkì dá ọ̀rọ̀ kóòtù dúró, a sì jọ ṣe àdéhùn lórí èyí tó ṣẹ́kù sẹ́yìn. Oṣù mẹ́fà náà kò tíì pé tí mo fi rí iṣẹ́ ní ilé-ìwé kan. Owó rẹ̀ kò tó ti Sandton. A ta mọ́tò mi, táksì ni mò ń wọ̀ báyìí. Gbèsè náà kò tíì tán, ṣùgbọ́n mo mọ iye tó kù, ọkọ mi náà mọ̀ ọ́n.

Nílé wa báyìí, orí tábìlì ni à ń ṣí lẹ́tà sí. Tómi tí ẹ mọ̀, tó jẹ́ òyìnbó ló fi ń dá wa lóhùn, òun ló ń gbé e wá. Á ní, “Mummy, kà á fún wa. Ní Yorùbá.” Èyí tó gbé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, owó omi ni. A gbàdúrà lé e, a sì san án.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ọkọ mi ló sì ní kí n sọ ọ́. Láàárọ̀ yìí, bí a ṣe ń múra àtiwá síbí, Daddy Tómi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n na ọwọ́ sí mi. Àpò lẹ́tà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, láti ọwọ́ onílé ṣọ́ọ̀bù wọn. Kò sí èyí tí wọ́n ṣí nínú rẹ̀. Wọ́n ní, “Bùkọ́lá, èmi náà.”

Àwọn ló wà nínú báàgì mi yìí. Ẹ̀rù ò bà mí. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi gbé Jésù ga, ẹ pàtẹ́wọ́ fún Un dáadáa! Tí ìsìn bá parí, Mama Iléṣà máa jókòó sí àga tó wà lẹ́yìn yẹn, lẹ́bàá wíńdò, kí a lè ka lẹ́tà wa fún wọn ní Yorùbá. Èmi àti ọkọ mi la máa kọ́kọ́ tò. Ẹ̀yin tí tiyín wà ní búùtù, ẹ lọ gbé e wá.